Àyẹ̀wò ìforígbárí oògùn àti ọtí

Àyẹ̀wò ìforígbárí oògùn àti ọtí ni ìwádìí tí dókítà, apòògùn, nọ́ọ̀sì tàbí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń ṣe láti mọ̀ bóyá oògùn tí wọ́n kọ fún ènìyàn lè bá ọtí tí ó ń mu jà nínú ara rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìjà yìí sábà máa ń gbà. Ọtí lè sọ agbára oògùn di púpọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó lè dín agbára náà kù. Tàbí kí oògùn dí ọ̀nà tí ara ń gbà pa ọtí run, kí ọtí fúnra rẹ̀ sì di májèlé. Oògùn wà tí ife ọtí kan kò ní ṣe ohunkóhun sí, bẹ́ẹ̀ ni oògùn wà tí ìwọ̀n ọtí kan náà lè fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Nítorí náà, ìbéèrè pé "Ṣé mo lè mutí sí oògùn?" kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ìdáhùn rẹ̀ dúró lórí orúkọ oògùn náà, iye ọtí, ìgbà tí wọ́n mu ún, ọjọ́ orí ẹni náà, àti bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.

Bí ara ṣe ń bá ọtí lò

Ohun tí ó sọ gbogbo ọtí di ọtí, ìbáà ṣe ẹmu, bíà, wáìnì tàbí ògógóró, ni kẹ́míkà kan tí à ń pè ní ethanol. Láti inú ikùn àti ìfun ni ó ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú iṣẹ́ pípa á run. Ẹ́ńsáìmù kan, alcohol dehydrogenase, a kọ́kọ́ sọ ọ́ di acetaldehyde, tí í ṣe májèlé. Ẹ́ńsáìmù kejì, aldehyde dehydrogenase, a wá sọ acetaldehyde di acetate, tí ara lè lò láìséwu. Bí ohun kan bá dí ẹ́ńsáìmù kejì yìí lọ́wọ́, májèlé náà yóò kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù mìíràn tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CYP2E1. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ nínú ara ẹni tí kì í mutí lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ̀ sí i nínú ara ẹni tí ń mu ún lójoojúmọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn oògùn kan pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ọ̀mùtí paraku àti ẹni tí ó mutí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi ìnáwó kò fi ní ìṣòro kan náà. Ọtí àmujù ọjọ́ kan lè mú kí ẹ̀dọ̀ pẹ́ kí ó tó pa oògùn run, oògùn á sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọtí àmulójoojúmọ́ ẹ̀wẹ̀ lè mú kí ẹ̀dọ̀ tètè pa oògùn kan náà run kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ọtí àmujù lè mú kí ẹni tí ń lò ó ṣẹ̀jẹ̀, ọtí àmulójoojúmọ́ sì lè mú kí oògùn náà má ràn án mọ́.

Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè pa nǹkan bí gíráàmù 8 ethanol run ní wákàtí kan, ìwọ̀n yìí gan-an ni wọ́n sì ń pè ní unit kan ní Britain. Ìgò bíà ńlá tí ó gba sẹ̀ǹtílítà 60, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní nǹkan bí gíráàmù 24 nínú. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni ara nílò láti pa ìgò kan náà run. Kọfí, omi tútù àti oorun kì í mú iṣẹ́ yìí yára rárá.

Àwọn oògùn tí ń fa oorun

Nínú àwọn oògùn tí ń dẹ ọpọlọ lára ni ewu ti ń tètè dé jùlọ. Lára wọn ni diazepam, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Valium, bromazepam, tí wọ́n ń tà lórúkọ Lexotan, phenobarbital tí wọ́n ń lò fún wárápá, àti àwọn oògùn ìrora líle bíi morphine, codeine àti tramadol. Ọtí náà ń dẹ ọpọlọ lára. Bí méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ á kọjá ti oorun lásán, nítorí apá ọpọlọ tí ń mú kí ènìyàn máa mí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ẹni náà á sùn lọ, á máa hanrun, èémí rẹ̀ á máa jìnnà síra wọn, títí yóò fi dákẹ́. Àwọn ará ilé tí wọ́n ń gbọ́ ìhanrun náà lè rò pé oorun àsùnwọra ni.

Láti ọdún 2016 ni FDA, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àpótí ìkìlọ̀ tí ó lágbára jùlọ lórí ìwé àwọn oògùn ìrora líle pé lílò wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn oògùn bíi diazepam, tàbí mọ́ ohun mìíràn tí ń dẹ ọpọlọ lára, títí kan ọtí, lè dá èémí dúró. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ tí ó ní codeine àti kíkó o wọlé ní ọdún 2018.

Bí wọ́n ṣe ṣe oògùn kan tún lè dá kún ewu náà. Palladone jẹ́ kápúsù hydromorphone tí wọ́n ṣe láti máa tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ọtí lè mú kí kápúsù náà tú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù keje ọdún 2005, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà bí FDA ti béèrè. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè nípa ọtí ti di ohun pàtàkì nígbà tí wọ́n bá ń yẹ irú oògùn àtúdíẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò.

Chlorpheniramine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Piriton, àti promethazine kò le tó ìwọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n oorun tí wọ́n ń fà pẹ̀lú ìgò bíà kan ti tó láti gbé awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà sínú kòtò.

Disulfiram àti metronidazole

Ìtàn disulfiram ni ó ṣàlàyé jùlọ bí oògùn ṣe lè sọ ọtí di májèlé. Ilé iṣẹ́ rọ́bà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lo irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1937, E. E. Williams, dókítà ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fọwọ́ kan kẹ́míkà tí ó bá a tan kò lè fara da ọtí mọ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Jens Hald àti Erik Jacobsen ń dán disulfiram wò ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, bóyá ó lè pa aràn inú. Wọ́n lo oògùn náà fúnra wọn, wọ́n sì rí i pé bí àwọn bá ti fi ọtí díẹ̀ kan ẹnu, ojú àwọn á pọ́n, orí á máa fọ́, àyà á sì máa lù kìkìkì. Ní ọdún 1948 ni wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde. Orúkọ tí wọ́n fi ta oògùn náà ni Antabuse, FDA sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1951 fún ìtọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Aldehyde dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù kejì tí a mẹ́nu bà lókè, ni ó ń dí lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti lo hóró ìkẹyìn lè ṣì rí ìjà rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà bí ó bá mutí.

Oògùn tí orúkọ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ irú ìjà yìí ni metronidazole, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Flagyl. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ènìyàn ní Britain ni pé kí ó dúró fún wákàtí 48 lẹ́yìn hóró ìkẹyìn kí ó tó mutí. Ìwé oògùn náà ní Amẹ́ríkà sọ pé ọjọ́ 3. Ti tinidazole, tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, jẹ́ wákàtí 72. Síbẹ̀ ẹ̀rí tí ó wà nídìí ìkìlọ̀ yìí kò lágbára tó òkìkí rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kan ní Finland gbé ìwádìí jáde lórí ọkùnrin 12 tí ara wọn le. Wọ́n fún àwọn kan ní metronidazole, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró òfìfo, gbogbo wọn sì mutí. Wọn kò rí ìjà tí ó jọ ti disulfiram. Ọkùnrin 12 kéré jù láti fi pa ìkìlọ̀ rẹ́, pàápàá bí ó ti jẹ́ pé ìròyìn àwọn aláìsàn tí ara wọn kọ̀ ọ́ wà nílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé ìdúró ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo ohun tí ó ná ènìyàn, ó sàn kí ó dúró.

Ohun tí kò tọ̀nà ni èrò pé gbogbo oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn ni ó ń bá ọtí jà. Amoxicillin, fún àpẹẹrẹ, kò ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọtí. Èrò yìí lè dà bí èyí tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ ó ń ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn kan a máa fi oògùn sílẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú nítorí òde àríyá, kí wọ́n lè ráyè mutí, kòkòrò àrùn a sì rí ààyè gbérí.

Ẹ̀dọ̀, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀

Paracetamol ni oògùn tí ó wà nínú ilé gbogbo ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ń sọ apá kékeré nínú rẹ̀ di májèlé kan tí à ń pè ní NAPQI, glutathione tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀ náà a sì gba oró lára rẹ̀. Nínú ara ẹni tí ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ tí kì í sì jẹun dáadáa, CYP2E1 a máa ṣe NAPQI púpọ̀ sí i, nígbà tí glutathione ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òṣùwọ̀n tí àgbàlagbà kò gbọ̀dọ̀ kọjá ní wákàtí 24 ni gíráàmù 4, ìyẹn hóró 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500, dókítà sì lè ní kí ọ̀mùtí paraku má dé ibẹ̀ rárá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tí ó lò ó jù lè máà mọ ohunkóhun lára ní ọjọ́ kìíní. Acetylcysteine, tí ó ń gba ẹ̀dọ̀ là, sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa jùlọ bí wọ́n bá fún un láàárín wákàtí 8.

Àwọn oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn isoniazid, rifampicin àti pyrazinamide, lè pa ẹ̀dọ̀ lára láìsí ọtí, ọtí ojoojúmọ́ sì ń mú kí èyí ṣeé ṣe sí i. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú náà sábà máa ń gbà. Ọtí ni aláìsàn gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, kì í ṣe oògùn. Bí funfun ojú bá di àwọ̀ ìyeyè tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú, kí ó tètè padà sí ilé ìwòsàn.

Ní ti àtọ̀gbẹ, ẹ̀dọ̀ tí ń bá ọtí jìjàkadì kì í ráyè ṣe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tí ń lo insulin tàbí glibenclamide, tí wọ́n ń tà lórúkọ Daonil, bá mutí láìjẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Á máa làágùn, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní já geere mọ́. Gbogbo èyí jọ ọtí àmupara, àwọn tí wọ́n wà nítòsí sì lè fi í sílẹ̀ pé kí ó lọ sùn, nígbà tí ó jẹ́ pé ṣúgà ni ó nílò. Ewu ti metformin yàtọ̀: bí ọtí bá pọ̀ jù, èérú kíkan tí à ń pè ní lactic acid lè kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀.

Aspirin, ibuprofen àti diclofenac lè dá egbò sí ikùn, ọtí a sì tún máa bó ojú ikùn kan náà. Láti ọdún 1998 ni FDA ti pàṣẹ pé kí àwọn oògùn ìrora tí ènìyàn lè rà láìsí ìwé dókítà gbé ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń mu ife ọtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ mọ́ ọtí lè mú kí òòyì kọ́ ènìyàn bí ó bá dìde lójijì, prazosin ni ó sì burú jù nínú èyí. Ṣùgbọ́n ọtí àmulójoojúmọ́ fúnra rẹ̀ ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà lè máa fi oògùn kún oògùn láìmọ ohun tí ó ń bá oògùn náà fà á.

Bí àyẹ̀wò ṣe ń lọ

Ohun àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò nílò ni orúkọ ohun tí ó wà nínú oògùn, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Lẹ́tà kéékèèké tí ó wà lábẹ́ orúkọ ńlá ara páálí ni yóò fi hàn pé oògùn ọ̀fìnkìn kan ṣoṣo lè ní paracetamol àti chlorpheniramine nínú pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwé pélébé inú páálí, níbi tí ọ̀rọ̀ ọtí sábà máa ń wà nítòsí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọkọ̀ wíwà.

Ìwé tí àwọn apòògùn ní Britain ń gbára lé jù ni British National Formulary, ọ̀pọ̀ apòògùn ní Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwé náà ní àwọn ìkìlọ̀ onínọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò tàbí páálí. Nọ́ńbà 2 sọ pé oògùn náà lè mú oorun wá, pé kí ẹni tí ó bá kùn ún má wakọ̀, kí ó má sì mutí. Nọ́ńbà 4 dá lórí ọtí nìkan. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Drugs.com àti Medscape ní ibi tí ènìyàn ti lè tẹ orúkọ oògùn sí láti rí ohun tí ó ń bá jà. Irú ibẹ̀ máa ń pín ìjà náà sí ìpele bí ó ti le tó. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ń béèrè, kò mọ bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti rí, kò sì mọ oògùn tí wọn kò tẹ̀ sí i. Àìrí ìkìlọ̀ níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí.

Àgbàlagbà nílò àyẹ̀wò yìí ju ọ̀dọ́ lọ. Omi ara ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ìwọ̀n ọtí tí kì í ṣe nǹkan fún un ní ọmọ 30 ọdún lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹni 70, àwọn àgbà ni wọ́n sì sábà máa ń lo oògùn mẹ́rin márùn-ún pọ̀.

Ọtí tí a kì í kà sí ọtí

Láàárín àwọn Yorùbá, ibi tí àyẹ̀wò ti ń kùnà jùlọ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí apòògùn bá ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń mutí?", bàbá lè dáhùn pé, "Rárá o, mi ò kì í mutí," kò sì parọ́ lójú ara rẹ̀. Egbò tí ó rẹ sínú ògógóró nítorí ọpá ẹ̀yìn, tí ó ń mu ife kékeré rẹ̀ láràárọ̀, kì í ṣe ọtí lójú rẹ̀, àgbo ni. Bẹ́ẹ̀ ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, àti àwọn bitters inú ìgò. Omi tàbí omidùn ni wọ́n fi ń rẹ àgbo mìíràn, ọ̀rọ̀ ti irú èyí sì yàtọ̀. Ìbéèrè tí ó ń mú ìdáhùn wá ni, "Bàbá, àgbo wo lẹ ń mu lọ́wọ́? Kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, omi ni àbí ọtí?" Ọtí ìgò àti bitters a máa kọ ìdá ọtí inú wọn sára ìgò, ti ògógóró àfọwọ́ṣe kò sí níbì kankan, ó sì sábà máa ń ju ìdá 30 nínú 100 lọ.

Ọ̀rọ̀ náà "oògùn" tún lè ṣini lọ́nà. Bí wọ́n bá béèrè oògùn tí ènìyàn ń lò, ọ̀pọ̀ a máa ka ti ilé ìwòsàn nìkan. Kò sì yẹ kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ọtí níṣojú ọmọ, àna tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, nítorí ìtìjú á mú kí ẹlòmíràn sẹ́ ohun tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Àwọn omi ikọ́ àti omi ìfọnu kan náà ní ọtí nínú. Fún ẹni tí ń lo disulfiram, ìwọ̀nba díẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti dá ìjà sílẹ̀.

Àkókò àti ìtọ́jú pàjáwìrì

Fífi hóró alẹ́ kan sílẹ̀ kí ènìyàn lè mutí kì í sábà yanjú ọ̀rọ̀. Diazepam, fún àpẹẹrẹ, lè wà nínú ara fún ọjọ́ púpọ̀. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ̀dọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé wọ́n kọ oògùn fún un, nítorí gìrì àti ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà ni yóò là á lọ́nà bí yóò ṣe máa dín in kù.

Bí ẹni tí ó lo oògùn pọ̀ mọ́ ọtí kò bá ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń jìnnà síra wọn tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà pa á, kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀, kí wọ́n sì pe 112 ní Nàìjíríà tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Epo pupa, mílíìkì tàbí omi tí wọ́n bá rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí wọ́n kó páálí oògùn àti ìgò ọtí tàbí ti àgbo dání, nítorí orúkọ tí ó wà níbẹ̀ ni yóò sọ ohun tí dókítà yóò lò: naloxone fún tramadol, codeine àti irú wọn, acetylcysteine fún paracetamol. Ọtí fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ̀ kankan. Wọ́n á máa ṣọ́ èémí aláìsàn náà títí ẹ̀dọ̀ yóò fi pa á run.